Ọjọ́ Tí Mo Lé Àbúrò Ọkọ Mi Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn bí àlejò tí ò rántí ilé lọ. Ọjọ́rú ni. Bí mo bá ń gé aṣọ fún oníbàárà tí mo sì rántí ẹ̀, ẹ̀rín á gbé mi, oníbàárà á wá máa wo ọwọ́ mi bóyá mo ti gé aṣọ òun kéré.

Kọ́tìnì ni mo ń tà ní Igbó-Elérin. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n ò purọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá wo fèrèsé yín láti títì, mo lè sọ iye yáàdì tó máa gbà, mo sì lè sọ bóyá ẹ máa yọ mí lẹ́nu kẹ́ ẹ tó rà á. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tòkunbọ̀ ni, Ọjà Àlàbá la ti rà á. Inú ẹ̀ ni mo ń kọ ìwọ̀n fèrèsé àwọn èèyàn sí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bá mi tò ó. Tíṣà ni ní Ìbà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọjọ́ tí mo wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Eyínafẹ́, torí eyín ẹ̀ funfun, ó sì là láàárín bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ de ọjà. Orúkọ ìta nìyẹn o. Àwọn kan wà tí mo ń pè é nínú ikùn mi. Gbogbo ìgbà tó bá bí mi nínú ni mo máa ń sọ ọ́ lórúkọ tuntun, láìpọn ọtí, láìse ìrẹsì.

Nígbà tó to kọ̀ǹpútà yẹn tán, ó fi ara ẹ̀ ṣe ádímìnì, ìyẹn ọ̀gá inú ẹ̀, bíi ti ẹgbẹ́ orí Wásáàpù. Èmi wá di ẹni tó kàn ń lò ó. Bí mo bá fẹ́ fi ohun kékeré kún un, kọ̀ǹpútà á ní kí n lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Eyínafẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi! Ọkọ tó fẹ́ mi gan-an, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń sọ ara ẹ̀ di ádímìnì. Mo wò ó títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Lọ́jọ́ kan, Eyínafẹ́ wá lo kọ̀ǹpútà náà, ló bá jáde lọ gba ìpè. Ìpè Eyínafẹ́, ẹ lè fi se ẹ̀wà jinná. Kó tó wọlé padà, mo ti fi ara mi joyè. Nígbà tó sì lọ sílé, mo yọ orúkọ tiẹ̀ kúrò pátápátá. Kọ̀ǹpútà ní kí n fi páswọ́ọ̀dù sí i, kí n sì kọ ohun tí á máa rán mi létí. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ inú ikùn yẹn, mo fi ṣe páswọ́ọ̀dù. Síbi ìránnilétí, mo kọ ọ́ pé: Orúkọ àbúrò ọkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní olè wo ló máa mọ̀ ọ́n?

Fún oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà ò bi mí léèrè nǹkan kan. Mi ò kì í pa á. Mo kàn máa ń dé e bí ìkòkò ni. Bí mo bá ṣí i, ó ti jí nìyẹn. Àfi ìgbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí bátìrì sì kú fin-ín-fin-ín.

Àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ ńlá dé. Eyínafẹ́ mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wá, ìyàwó ọ̀gá sójà ní bárékè Ọ̀jọ́. Fèrèsé mẹ́rìnlá, kò sí èyí tó bá èkejì mu. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo gbàgbé téèpù sílé, mo bá tú gèlè orí mi, mo fi ń wọn fèrèsé. Obìnrin náà kàn ń wò mí. Nígbà tí mo padà lọ pẹ̀lú téèpù, ó ní, "Màdáámù, ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé o. Ẹ má jẹ́ kí n rí ẹlẹ́ẹ̀kẹta." Àwọn òbí ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá fèrèsé òun níhòòhò.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, aṣọ wà nílẹ̀, télọ̀ mi ti fi òwú sí máṣíìnì. Mo tan kọ̀ǹpútà kí n mú ìwọ̀n jáde. Ó ní páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Mo ní ha! Orúkọ wo ni mo ń pè é lóṣù yẹn gan-an?

Ibi tí mo ti ń ronú ni Eyínafẹ́ ti wọlé. "Ìyàwó wa, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ṣàlàyé díẹ̀, mo gbé púpọ̀ mì. Ó ní, "Ìyẹn náà ni? Ṣebí orúkọ tèmi wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi tèmi wọlé." Mo sáré dé kọ̀ǹpútà náà pa, mo ní bátìrì ẹ̀ ló ń ṣe wérewère, pé Àlàbá ni mo ń gbé e lọ. Mo rò pé á máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní àwọn wà ní họ́lídè. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi ni mo mú obìnrin yẹn wá, orúkọ mi ló wà níbẹ̀." La bá jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àlàbá, Gíláàsì-méjì ni mo sọ ọ́, torí ọ̀kan wà lójú ẹ̀, ọ̀kan wà lórí ẹ̀. Ọmọ Ìbò ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu ẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó tan kọ̀ǹpútà. Eyínafẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ibo ni orúkọ mi wà?"

Gíláàsì-méjì ní, "Àǹtí, orúkọ kan ló wà níbí o. Wọ́n ti yọ yín."

"Ta ló yọ mí?"

Mo ní, "Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ni. Ó máa ń jẹ nǹkan."

Gíláàsì-méjì bú sẹ́rìn-ín. "Iná kì í yọ èèyàn lóyè, màdáámù. Èèyàn ló yọ wọ́n."

Eyínafẹ́ wò mí. Mo yára wo òrùlé.

Gíláàsì-méjì ní kí n rántí páswọ́ọ̀dù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ni pé òun á nu gbogbo inú ẹ̀ mọ́ bí abọ́. Fèrèsé mẹ́rìnlá mi! Mo ní ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Ó ní ọ̀kan wà, pé òun lè fi fíláàṣì kan gba ẹ̀yìn wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun ló mú fíláàṣì ọ̀hún lọ, òun ò sì mọ ìgbà tó máa dé. "Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ná."

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá ń tẹ páswọ́ọ̀dù, tóótòòtó dúdú ló máa ń hàn, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ digbí. Gíláàsì-méjì na ọwọ́, ó tẹ ohun kan létí ibẹ̀, ó ní kó lè rọrùn fún mi ni. Mo dúpẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, ojú mi ò kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo kọ Aṣíkòkòwò, orúkọ tí mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi kó tó kí mi. Kọ̀ǹpútà ní irọ́ ni, ó sì gbé ìránnilétí jáde: Orúkọ àbúrò ọkọ mi. Mo kọ Adájọ́-láìpè, ti ọjọ́ tó dá ẹjọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Irọ́ ni. Mo fara balẹ̀, mo kọ ẹ̀kẹta, ó gùn, mo sì tẹ̀ ẹ́ tìgboyà-tìgboyà: Ayáṣọ-má-dá-a-padà.

Ẹnìkan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ohùn Eyínafẹ́ wá dún létí mi, jẹ́jẹ́:

"Ìyàwó, aṣọ wo ni mo yá tí mi ò dá padà?"

Mo tún kọ̀ǹpútà wò. Ohun tí Gíláàsì-méjì tẹ̀ yẹn, àwòrán ojú ni. Ó ti la ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń kọ ló ń hàn gbàgà-gbàgà, òun àti Eyínafẹ́ àti obìnrin kan tó wá ra ṣájà sì ti ń kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Eyínafẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Eyínafẹ́ dà? Aṣíkòkòwò ni mo rí. Ìwọ lo yọ mí, àbí?" Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé wọn, "ẹ" ló ń bá mi sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu ẹ̀.

Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan, ìgbà yẹn ni fóònù ẹ̀ dún. Ìyàwó ọ̀gá sójà ni. Ó fẹ́ mọ ibi tí a bá kọ́tìnì dé. Mo mọ̀ pé bí Eyínafẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mi ti tán nínú bárékè yẹn, àti lọ́dọ̀ gbogbo ìyàwó sójà tó wà níbẹ̀. Eyínafẹ́ tẹjú mọ́ mi. Ó gbé fóònù sétí. "Ó ń lọ dáadáa," ó ní. "Ìyàwó wa ò kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Jímọ́ọ̀ ò ní yẹ̀." Ó pa fóònù. "Mi ò ṣe é torí ẹ o. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni mo ń tọ́jú. Ìyẹn ò sí nínú kọ̀ǹpútà ẹ."

Lẹ́yìn ìrun Ásárì nírọ̀lẹ́ ni fíláàṣì dé. Gíláàsì-méjì gba ẹ̀yìn wọlé lóòótọ́, ó yọ páswọ́ọ̀dù àtijọ́ dànù, fèrèsé mẹ́rìnlá mi sì jókòó pé, kò sí èyí tó sọnù. Mo fẹ́ fò mọ́ ọn. Ó ní kí n fi páswọ́ọ̀dù tuntun sí i. Eyínafẹ́ ní, "Ẹ dìde, Ìyàwó." "Ẹ" ti padà, ṣùgbọ́n ó padà pẹ̀lú ẹ̀rín tí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé. Ó jókòó, ó dá orúkọ ara ẹ̀ padà sípò ádímìnì, ó sì fún èmi ní páswọ́ọ̀dù tèmi: Afinúbúni.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kọ́tìnì gun fèrèsé. Àwọn òbí ọkọ ń fọwọ́ pa á. Títí dòní, àwọn ìyàwó sójà ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú èèyàn, ẹ bú u lójú ẹ̀, kó parí níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé pamọ́ sínú, ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó ti wù kí ẹ jẹ́ ọ̀gá tó, ẹ má lé ẹni tó mọ ọ̀nà àbáwọlé. Láràárọ̀, kí n tó ta yáàdì kan, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́: Afinúbúni. Ẹ má yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o, ó fi nọ́ńbà kan sẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ni mi ò ní sọ.

Orúkọ tí mo fi tì í gan-an lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rántí ẹ̀ di báyìí. Ìyẹn ló ń jẹ Eyínafẹ́ lọ́kàn jù. Bó bá ti wọlé, kó tó ṣí ìkòkò, á ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ ti rántí ẹ̀kẹrin yẹn?" Mo ní rárá. Ẹ̀rù tó sì ń bà mí ni pé mo lè rántí ẹ̀ lójú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ̀rín sì tú u jáde lẹ́nu mi.