Ìkíni Márùn-ún fún Alàgbà Adébíyìí

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí bàtà kan ṣoṣo tó kù mí lẹ́sẹ̀ já sójú títì. Ó ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe, èmi ni mo gbé báàgì.

Ayọ̀rìndé ọmọ Ìgbẹ́mọ ni mo ń wí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò mọ ibi tí ẹnu ń gbé dákẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ń ṣọ́ ní àdúgbò Adébáyọ̀, ló bá ní àwọn òyìnbó ti ń wá òun kiri. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Ayọ̀rìndé kì í fọ́ o! Bó bá balẹ̀, á dìde, á gbọn eruku nù, á tún máa bá ọ̀nà lọ.

Monínúọlá ló fẹ́ fẹ́. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni ọmọbìnrin náà. Alàgbà Adébíyìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni bàbá rẹ̀. Alàgbà pe Ayọ̀rìndé, ó ní, "Ìjọ wa ti pọ̀, a máa ń gbàgbé láti kí ara wa. Ṣe ètò tí yóò máa kí olúkúlùkù lórí fóònù. Bó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá pé àádọ́rin ọdún, kó àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ohun tí Yorùbá ò ní ìkíni fún. Ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀. Ayọ̀rìndé to márùn-ún tẹ̀ léra: ọjọ́ ìbí, ìyàwó tuntun, ọmọ tuntun, ilé tuntun, ọ̀fọ̀. Kọ̀ǹpútà á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, á bọ́ sórí ìkíni tirẹ̀. Súwíìṣì ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Monínúọlá yà wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. "Bọ̀dá Ayọ̀, ẹ ò kọ bùréèkì sábẹ́ ìkíni kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, 'Dúró níbẹ̀.' Láìsí i, bó bá ti kí ti èèyàn tán, á kàn máa kí ti ìsàlẹ̀ lọ ni."

"Ìwọ tíṣà àwọn ọmọ kékeré! Mo ti dán an wò."

"Èwo lẹ dán wò?"

"Ti ọ̀fọ̀. Ó kí i lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́."

"Òun ló gbẹ̀yìn! Kí ló kù nísàlẹ̀ tó fẹ́ kí?"

Ọ̀gbẹ́ni ti ń súfèé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń pe orí ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, kí àgbà ra ata rẹ̀ kó máa lọlé.

Ọjọ́ pé. Ó ní kí n bá òun gbé báàgì, kí wọ́n lè rí i pé òun ní òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́! Èmi tí mo ti sùn ní gáréèjì láti Ọ̀rẹ̀ dé Jẹ́bà! Ṣùgbọ́n mo gbọ́ òórùn ìrẹsì nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé báàgì.

Pálọ̀ Alàgbà kún fún àwọn àgbà ìjọ. Ayọ̀rìndé dìde. "Ẹ̀yin àgbà, ohun tí ẹ fẹ́ rí yìí, Amẹ́ríkà ò tíì ní i!" Ó tẹ bọ́tìnnì. Fóònù Alàgbà dún.

"Ìyá Monínúọlá, bá mi kà á. N ò rí dígí mi."

Màmá kà á sókè: "'Alàgbà, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.'"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ayọ̀rìndé na ọrùn bí àkùkọ tó gun òrùlé. Fóònù tún dún.

"'Ẹ kú oríire ìyàwó tuntun. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní.'"

Àtẹ́wọ́ dá wáí. Màmá wo ọkọ rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. "Ìyàwó wo?"

"Èmi kẹ̀? Ní àádọ́rin ọdún?"

Fóònù tún dún. "'Ẹ kú ewu ọmọ.'"

Ẹ̀yìn ìyàwó ò mọ ẹní lóòótọ́!

Bí inú bá bí Màmá, Yorùbá inú ìwé a sá jáde, Èkìtì a wọlé. "'Ẹ kú ìṣílé.' Ulé! Ẹ gbà mí o, ó kọ́ ulé fún un! Bákẹ́ẹ̀tì ni èmi fi ń gbe òjò ní kíṣìnnì!"

Ayọ̀kúnlé, díkìnnì ìjọ, wúkọ́. "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ó tún ti dún."

Màmá kà á. "'Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó lọ ti sinmi.'" Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó fẹ́yàwó. Ó bímọ. Ó kọ́lé. Èmi wá kú."

Ẹ̀rín bú! Alàgbà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí dígí tó ń wá fi já bọ́ láti orí fìlà rẹ̀.

Ayọ̀rìndé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Àbí iná ni. Àbí fóònù yín ló ti gbó. Ó lè jẹ́ òjò àná. Ó sì lè jẹ́ bàbá yìí ló gbé báàgì dojú dé, àbí kẹ̀..."

Alàgbà gbọ́wọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀."

Monínúọlá di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá mi ò kọ́ kọ̀ǹpútà o, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń fi bùréèkì sí."

Mo jẹ ìrẹsì mi tán kí a tó jáde. Nígbà tí a dé oríta Adébáyọ̀, ọ̀gbẹ́ni ti ń gbọn eruku nù. "Bàbá, inú wọn dùn sí mi, àbí? Ẹ rí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín! Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n kó àwọn èèyàn mi wá tọrọ ọmọ, àbí èyí tó tẹ̀ lé e? Kí ni Alàgbà tiẹ̀ bá mi sọ gbẹ̀yìn?"

Mo gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Dúró níbẹ̀."