Ìdí Tí Ẹ̀wà Alàgbà Òjéwùmí Kò Fi Jinná

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, "Ìgbẹ́ ẹnìkan kì í se ẹ̀wà jinná"? Ìrẹ́jẹ ló bí i, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Onílé kan, Alàgbà Òjéwùmí, fi àgádágodo ti ilé ìdáná tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ogójì ayálégbé ló wà nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ri tánkì mọ́ ìsàlẹ̀ ṣáláńgá, tí wọ́n sì fa páìpù dé ilé ìdáná. Ohun tí wọ́n bá yà sí ṣáláńgá ni tánkì ń sọ di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Iná yẹn ni Ìyá Dúrójayé, opó ọlọ́mọ mẹ́ta, fi ń se ẹ̀wà tó ń tà fún àwọn bíríkìlà. Láìsí i, ebi ni fún àwọn ọmọ rẹ̀.

"Inú ilẹ̀ mi ni gáàsì wà," ni Òjéwùmí wí. "Èmi ni mo ni ín."

Ìyá Dúrójayé sọ ìkòkò kalẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Àwa la ni ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ẹ wá kó o nígbà náà!"

"A ò ní kó o, sà. A ò kàn ní fi kún un mọ́ ni."

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ayálégbé, àtàgbà àtọmọdé, ń lọ sí ṣáláńgá ọgbà kejì. Ìyá Dúrójayé ń fi igi tútù dáná níta, èéfín ń pa á lójú, kò bẹ Òjéwùmí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹgbẹ́ àwọn onílé wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ Òjéwùmí. Ẹ̀wà wà lórí iná, ṣùgbọ́n iná ọ̀hún kò ju ti àbẹ́là lọ. Ni Òjéwùmí bá jẹ odindi ìbẹ́pẹ kan, ó mu ife àgbo mẹ́ta, ó sáré wọ ṣáláńgá.

"Bàbá Olúfúnwá," ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná, "ẹ̀wà ò tíì hó o!"

"Mo ń gbìyànjú!"

"Ẹ tún tiraka sí i!"

Gbogbo àlejò ló gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì gbé oúnjẹ wá, eyín alága ẹgbẹ́ kán sára ẹ̀wà. "Òjéwùmí," alága pariwo, "ṣé òkúta lo sè fún wa ni?"

Òjéwùmí yọ orí síta láti inú ṣáláńgá, òógùn bò ó. "Ìyá Dúrójayé, jọ̀ọ́, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Ẹ wá yà díẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń ta á. "A ò yà, Bàbá. Ẹni tó bá gba èrè iṣẹ́ oníṣẹ́, olè ni, ì báà jẹ́ onílé. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ẹ sì bẹ̀ wá lójú àwọn àlejò yín."

Òjéwùmí fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fi èkejì na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọgbà.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, mo rẹ́ yín jẹ. Iná tí gbogbo wa jọ dá ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ dárí jì mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dán an wò, mo sì ti gbà: ìgbẹ́ ẹnìkan kì í se ẹ̀wà jinná."