Kọ̀ǹpútà Ìyá Ọ̀gá, Tó Mọ Olè Ju Onílé Lọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé "Ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún onílé mọ́, olè ló ń ṣí fún"? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní láyé àwọn baba ńlá wa ni. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló bí òwe náà, kò sì tíì pẹ́ tó bí i.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdí-Ọsàn, ọ̀gá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Ìyáàfin Ìbídùnní Láwọyin. Ìyá Ọ̀gá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ẹ bá ń wá ọmọlúàbí lọ, tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí ìkíni kankan bọ́ sílẹ̀. Bí oníròyìn orí rédíò bá ní "Ẹ káàárọ̀ o," Ìyá Ọ̀gá á dá a lóhùn láti ilé ìdáná, á sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ó máa ń nù ún lójoojúmọ́, á sì fi aṣọ funfun bò ó. Tíṣà Ọlábọ̀dé, tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà, kìlọ̀ kìlọ̀ ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ti gbó, àwọn tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, ihò tó bá sì là sí i lára, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ìyá Ọ̀gá á ní òun náà ti gbó, ṣé wọ́n máa pààrọ̀ òun ni? Tíṣà á padà sí kíláàsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí wọ́n ti máa forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà ní kíláàsì kẹfà, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ obìnrin. Agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀, ọmọbìnrin tó bá sì jókòó sílé fún ọdún kan ní Ìdí-Ọsàn, ilé ọkọ ló sábà máa ń gbà lọ. Ọkàn Ìyá Ọ̀gá kò balẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣí búráúsà, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ìdánwò. Ẹ̀rọ ní ibẹ̀ kò láàbò, òun kò lè jẹ́ kó wọlé. Nígbà tó fipá mú un, wọ́n ní búráúsà rẹ̀ ló ti gbó, kó lọ gba tuntun. Ó lọ gba tuntun. Tuntun dé ẹnu ọ̀nà, ó wo inú ẹ̀rọ, ó ní ilé yìí ti gbó jù, òun kò lè gbébẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà rí i pé ẹ̀rọ náà gbà pé ọdún 2004 la ṣì wà. Ó tún ọjọ́ inú rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ kò ṣí. Ó gbìyànjú lórí fóònù tirẹ̀, fọ́ọ̀mù náà ní kọ̀ǹpútà nìkan lòun ń bá ṣe.

Ọjọ́rú ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àpótí kékeré kan ṣàdédé yọ lójú ẹ̀rọ, ó ní òun bá a yọ̀, ṣé kí òun bá a sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di asáré? "Bẹ́ẹ̀ ni" wà lápá kan, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" wà lápá kejì. Ìyá Ọ̀gá rò ó. Kí èèyàn kí ọ kú oríire, kí o ní bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dúpẹ́. Èkejì dé, ó ní kòkòrò mẹ́tàdínlógójì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, òun ni dókítà rẹ̀. Dókítà béèrè ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ìyá Ọ̀gá kọ ọ́ fún un létòlétò, torí ẹni tó bá fẹ́ kí ara aláìsàn yá kì í fi nǹkan pamọ́ fún dókítà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àpótí mọ́kàndínlógún ló ti jókòó lójú ẹ̀rọ, Ìyá Ọ̀gá sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú pé ẹ̀rọ òun falẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Tíṣà kó orúkọ àwọn ọmọ lọ sí olú-ìlú. Ó rí ẹ̀rọ tuntun lò níbẹ̀, sáìtì ilé-iṣẹ́ ìdánwò sì ṣí wàì. Ó wá fi fóònù pe Ìyá Ọ̀gá pé wọ́n ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ilé ẹ̀kọ́, kó bá òun kà á. Ìyá Ọ̀gá lọ ṣí ímeèlì, ímeèlì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tí ìpè mìíràn wọlé. Bàbá Gbọ́láhàn ni, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni bàbá náà wí, "àwọn ọmọ ti ka lẹ́tà rẹ fún mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti pé ọgọ́rin ọdún. O ò ṣe sọ ọ́ nígbà tí eegun mi ṣì le?"

Lẹ́tà wo? Àṣé gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ímeèlì náà, igba èèyàn ó lé méjìlá, ni àwọn àlejò ti kọ̀wé sí lórúkọ rẹ̀: "Olólùfẹ́ mi, n kò rí oorun sùn nítorí rẹ. Tẹ ibí, kí o lè rí mi bí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí mi rí." Pásítọ̀ gbà á. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gbà á. Ọkùnrin tó ń ta ṣọ́ọ̀kì fún wọn gbà á, ó sì fèsì pé òun ń rò ó.

Ìyá Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sunkún. Ẹ̀sín náà dùn ún, àmọ́ àwọn ọmọ mẹ́rìnlá yẹn ló pa á lẹ́kún. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé tí wọ́n dìde dúró, tí wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ọ̀gá," kí ló máa fi dá wọn lóhùn? Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró lójúde. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódoyin, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìdánwò tí Ìyá Ọ̀gá ti máa ń kọ̀wé sí, ló sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Wúràọlá, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di fóònù tí lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ mú. Ìyá Ọ̀gá kí wọn káàbọ̀, ó kí wọn kú ewu ọ̀nà. Wúràọlá ò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ mi wá wò yín?"

Bí Ìyá Ọ̀gá ṣe ní kóun lanu, ẹ̀rọ dún, àpótí kan yọ, ó ní òun fẹ́ wọlé. Ọwọ́ ìyá náà ti ń lọ síbi bẹ́ẹ̀ ni kí Wúràọlá tó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tó bi í pé ta ló ń dá lóhùn. Ìyá Ọ̀gá wá ro gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wúràọlá ní kó ṣí sáìtì ìdánwò náà kóun rí i. Ẹ̀rọ kọ̀. Kó tó kọ̀ tán, àlejò mẹ́ta ti wọlé láìkàgò, ọ̀kan nínú wọn ń ta oògùn irun. Wúràọlá jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfìgbà tó rí ojú Ìyá Ọ̀gá tó wú ló tó pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Bàbá Àánú," ló sọ fún ọkọ rẹ̀, "aago mọ́kànlá ti kọjá. Ẹ lọ gbé kọ̀ǹpútà yín wá nínú ọkọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódoyin gbé e wá, ó yọ ímeèlì tí wọ́n jí kúrò nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó fi ti Tíṣà sí i, Tíṣà, tó ti padà dé láti olú-ìlú, sì ka nọ́ńbà láti orí fóònù rẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ mẹ́rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìkẹrìnlá wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago méjìlá lù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ìyá Ọ̀gá jókòó sí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódoyin wá bi í pé kí ló dé tí kò fi pààrọ̀ ẹ̀rọ náà látìgbà tó ti ń kọ̀ láti ṣí.

"Ọ̀gá mi," ni Ìyá Ọ̀gá wí, "mo rò pé ibi tí èmi tí mo ni ín kò bá rí wọ̀, kò sí olè tó máa rí i wọ̀."

Wúràọlá na ìka sí àwọn àlejò tó kún ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìyá mi, ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún onílé mọ́, olè ló ń ṣí fún."

Àwọn ọmọ ti ń yọjú lójú fèrèsé láti ọjọ́ yìí, wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ṣe ìdánwò náà. Nínú àròkọ, ẹ mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: gbogbo wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní." Ẹni tó máàkì ìwé wọn wò ó pé bí ọmọ mẹ́rìnlá bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn àgbà ti ní láti sọ ọ́ lóòótọ́. Ó fún wọn ní máàkì. Bó ṣe di òwe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà mọ́: ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún onílé mọ́, olè ló ń ṣí fún.