Wọ́n Fi Báńdéèjì Di Baba Àgádágodo

Baba Àgádágodo, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ pé títi ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn pa ni iṣẹ́ ẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán àwọn ọmọbìnrin Síkáòtù ni ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Gbììì!

Ó balẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àgádágodo tuntun tó mú dání fò wọnú koríko.

Ṣe ló fẹ́ wá ti gbọ̀ngán náà pa. Alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ máa kó agboòrùn ìpolongo ìbò síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kó ìdọ̀tí gọ́tà àdúgbò, tó ń mú arúgbó sọdá títì, tó máa ń kọ́kọ́ débi tí alùpùpù bá ti gbá èèyàn, kí wọ́n lọ máa ṣèpàdé nínú òjò.

Ẹ gbọ́ ná, agboòrùn ló ń wá òrùlé.

Baba ò mọ̀ pé ọjọ́ ìdánwò ìtọ́jú pàjáwìrì ni. Ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ ní gbogbo ẹkùn náà ti jókòó sínú gbọ̀ngán pẹ̀lú àwọn òbí. Àǹtí Fèrè, olùkọ́ wọn, sì ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé ọkùnrin kan máa ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, á máa purọ́ pé nǹkan kan ò ṣe òun. Wọn ò gbọdọ̀ gbà á gbọ́.

Fíìììì! Fèrè dún. Wọ́n ya bò ó.

Olórí wọn kéré bí abẹ́rẹ́. Kókó ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó bá dì, ọ̀bẹ ló ń tú u.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Ibo ló ń dùn yín?"

"Kò síbi tó ń dùn mí. Ìjọba ló rán mi wá."

Kókó yíjú sáwọn tó kù. "Ó ti forí gbá nǹkan. Ẹ di orí."

Ẹ̀rín ń pa mí bọ̀! Baba ní òun fẹ́ dìde, wọ́n fi pátákó de ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun á kó ọlọ́pàá wá, wọ́n so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ èébú, wọ́n ní àgbọ̀n ẹ̀ ti yẹ̀, wọ́n wé e wìrìwìrì títí ó fi ku imú àti ojú. Wọ́n wá ki irọ̀rí mọ́ ọn létí méjèèjì kí ọrùn má bàa yí, wọ́n gbé e wọlé.

Àǹtí Fèrè wo ojú tó ń ràn yòò láàárín báńdéèjì. Kì í ṣe káfíńtà tóun bẹ̀ pé kó wá ṣubú rèé. Ó mọ ẹni tó jẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ ni, òun fúnra ẹ̀ ló fara ẹ̀ sílẹ̀.

Omi lé sójú ọ̀gá àgbà. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ìjọba á jẹ́ kí gbọ̀ngán yìí wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí?"

Baba fi gbogbo agbára mi orí pé rárá.

Irọ̀rí ò gbà. Orí ò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un, bó sì ṣe ń jà fitafita, ibẹ̀ náà ni orí ń gbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.

Àtẹ́wọ́ sọ wàà! Kókó gbé àgádágodo wá láti inú koríko. "Dádì, ṣé àwa lẹ ra eléyìí fún?"

Orí tún lọ sókè, ó tún lọ sísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni káfíńtà já wọlé, ọ̀dà pupa bí ẹ̀jẹ̀ lórí, ó na ara ẹ̀ gbalaja, ó ń ké pé nǹkan kan ò ṣe òun.

Kókó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ dìde, Bọ̀dá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi ti Dádì."