Ìṣó Tó Lé Láńihùn Jáde Nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá ń jowú òrùlé aládùúgbò, kó kọ́kọ́ bèèrè iye ìṣó"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni.

Láńihùn ló fà á. Àgbẹ̀ kòkó ni. Abẹ́ koríko ló ń gbé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, títí di ọjọ́ tí Ọ̀ṣúntókun aládùúgbò rẹ̀ kan páànù. Bí oòrùn bá ti ràn, páànù á máa kọ mànà, oúnjẹ á sì há Láńihùn lọ́fun.

Ó gbọ́ pé pọ́n-ùn mẹ́wàá ni Ọ̀ṣúntókun yá, pé yóò san èlé pọ́n-ùn méjì lé e kí ọdún tó yí po. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀dẹ̀! Pọ́n-ùn kan péré ni Sùmọ́nù olówó èlé máa gbà lé mẹ́wàá tèmi."

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ bi í léèrè ohun tó kù tó máa gbà."

"Mo sọ pé pọ́n-ùn kan ni!"

Ọ̀ṣúntókun fúnra rẹ̀ yọrí lójú ọgbà. "Láńihùn, jẹ́ ká jọ ṣírò ó ná. Èmi náà ti dé ọ̀dọ̀ Sùmọ́nù rí, mo sì sá."

"Panu mọ́! O ò fẹ́ kémi náà kan páànù ni."

Láńihùn tẹ̀ka sí ìwé Sùmọ́nù. Ìgbà yẹn ni Sùmọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé e pé ọ̀dọ̀ òun ló ti máa ra ìṣó, ní ìlọ́po mẹ́ta iye tọjà. Ìṣó ò tó, ó tún ràwìn sí i. Ìyẹn náà ní èlé tirẹ̀. Láràárọ̀, títí gbèsè á fi tán, yóò máa ṣiṣẹ́ lóko Sùmọ́nù bí ìwọ̀fà. Kòkó tirẹ̀ ń jẹrà lórí igi, ó ń bá ẹlòmíì ká kòkó. Síbẹ̀, tó bá ti rí Ọ̀ṣúntókun, á wúkọ́, á nàka sókè.

"Tèmi ń dán ju tìẹ lọ!"

Ọdún yí po. Ọ̀ṣúntókun san pọ́n-ùn méjìlá, ó bọ́. Láńihùn ti san mẹ́rìnlá, mẹ́fà ṣì kù. Ni Sùmọ́nù bá ká ẹní rẹ̀ dé.

"Mo wá ṣọ́ páànù mi ni."

Ọjọ́ kejì, ó kó ìyàwó dé. Ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́. Láńihùn àti Àwẹ̀ró di ará ilé ìdáná, abẹ́ koríko.

Òjò ọ̀sán kan wá dé. Koríko ń jò sí Láńihùn lórí. Ó na ọrùn wo yàrá tí ewúrẹ́ Sùmọ́nù ti ń jẹ àpọ̀jẹ, ó mí kanlẹ̀.

"Àwẹ̀ró, wo bí ilé ọkùnrin yìí ṣe rẹwà! Kí ló ní témi ò ní?"

Àwẹ̀ró ń fún omi ìró rẹ̀. "Ilé yín nìyẹn, baálé mi."

Mo ti rìn jìnnà. Mo ti rẹ́ni tó ń jowú ọ̀rẹ́, mo ti rẹ́ni tó ń jowú ọ̀tá. Ẹni tó ń jowú ara rẹ̀, Láńihùn nìkan ni. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní, ẹni tó bá ń jowú òrùlé aládùúgbò, kó kọ́kọ́ bèèrè iye ìṣó.