Àpò Tó So Rọ̀ Lórí Igi

Ọ̀gá ọkọ mi pè é lórí fóònù pé kó wá bá òun sùn nínú igbó lópin ọ̀sẹ̀, ọkọ mi sì dáhùn pé, "No problem, sir."

No problem kẹ̀!

Fọláhàn ọkọ mi, tí mo máa ń pè ní Bàbá Ìtùnú, tí aáyán bá yọjú ní kíṣìnì wa ní Greenbelt, ní Maryland l'Amẹ́ríkà níbí, èmi ló máa ń pè. Tí mo bá wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi, á ti ilẹ̀kùn kíṣìnì pa, á jókòó sí pálọ̀ máa retí mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òun ló fẹ́ lọ sùn nínú igbó o.

Ṣùgbọ́n n ò lè dá a lẹ́bi tán. Ọdún 1996 nìyẹn, ìwé gírínkáàdì wa sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ yìí, Ethan. Iléeṣẹ́ wọn ló ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Lọ́yà ti kọ ìwé náà tán, ó ku kí Ethan fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ padà dé ọwọ́ lọ́yà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bí kò bá dé ibẹ̀, a ó tún padà lọ sẹ́yìn ìlà. Ọdún mẹ́ta la ti wà lórí ìlà yẹn. Ethan ní òun ò tíì ráyè ka ìwé náà, pé òun á mú un dání, òun á kà á nínú igbó, òun á fọwọ́ sí i, ọkọ mi á sì gbà á níbẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ lòun á ti wa mọ́tò lọ sí Ohio fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ká ní inú kànga ló ní ká wá sùn, a máa gbé pílò dání ni.

Ethan yìí, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í fẹ́ràn ibi tí èèyàn bá wà. Àwọn òyìnbó yòókù máa ń lọ pàgọ́ síbi tí wọ́n ti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí, tí omi ẹ̀rọ wà. Ethan ní ìyẹn kì í ṣe àgọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tẹ́ máàpù sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kó máa fi ìka wá igbó àti erékùṣù tí kò ní ilé, tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí kò ní ṣáláńgá. Tó bá ti rí i, á wá ẹni tó ni ilẹ̀ náà lọ, á gba àyè, á sì lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan báyìí, erékùṣù kékeré kan nínú odò Patuxent, tí èèyàn bá ti kọjá Brandywine. Ọkọ mi ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́, bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì ni.

Ọkọ mi náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Ó ti sọ fún Ethan pé inú igbó ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà.

Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, n'Ìbàdàn. Igbó tó sún mọ́ wọn jù ni koríko iwájú ilé ìwé.

Lórí fóònù, Ethan ní kí èmi náà bá ọkọ mi wá, pé òun á ti lọ ṣáájú ní ìdájí Sátidé, pé òun á so ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sílẹ̀ dè wá létí odò. Ó ní ká má gbé oúnjẹ kankan, oúnjẹ gbogbo wà lọ́wọ́ òun. Ó ní tí a bá ti gúnlẹ̀, ká kàn tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀, òun á ti ṣàmì sí ojú ibi tí àgọ́ wà, a máa rí i.

"Àmì wo ni?" mo bi ọkọ mi nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

"N ò bi í."

"Ẹ ò bi í?"

"Màmá Ìtùnú, ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá mi rò pé n ò gbọ́ òyìnbó ni?"

Ọkùnrin tí Ethan ti bẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà pé kó máa pe òun ní Ethan, tó sì ń dáhùn pé, "Yes sir, Ethan sir," kí ni mo tún fẹ́ bá a sọ?

Láàárọ̀ Sátidé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru, ojú mi pọ́n bí ata rodo. A gbé Ìtùnú ọmọ wa sọ́dọ̀ Àǹtí Níkẹ́ ní Camp Springs, a kọrí sí Brandywine. Èmi gbé gàrí àti ẹ̀pà sínú báàgì mi, nítorí pé tí ọkùnrin bá ní oúnjẹ wà lọ́wọ́ òun, kí obìnrin mú gàrí dání. Ọkọ mi ní tirẹ̀ gbé ìgò òróró olífì ńlá kan, èyí tí pásítọ̀ wa ti gbàdúrà sí. Ó ní ti ẹranko ni. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fi dín ẹranko náà ni.

A bá ọkọ̀ ojú omi náà létí odò. Ọkọ mi ní òun ló máa wà á.

Ó ti àjẹ̀ bọ omi, ọkọ̀ yí po. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, ọkọ̀ tún yí po. Fìrì, fìrì, fìrì, bí òkòtó. Òyìnbó kan tó ń pẹja létí odò ká ìwọ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó jókòó, ó ń wò wá. Nígbà tí a yí i lẹ́ẹ̀kẹfà, mo gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi, èmi tí mi ò sùn mọ́jú, mo wà wá dé òkè ọ̀hún.

"Mo ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀ kó o tó gbà á," ni ọkọ mi wí.

A gúnlẹ̀. A rí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba etí omi lọ sábẹ́ igi. Ọkọ mi ló ṣáájú, ó gbá ìgò òróró mọ́ àyà. A ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró gbagidi.

"Màmá Ìtùnú, dúró síbẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ kan síwájú mọ́."

Mo yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ara igi ńlá kan. Nísàlẹ̀ igi náà, wọ́n to òkúta yí ká róbótó, eérú sì wà láàárín rẹ̀. Lórí ẹ̀ka, wọ́n fi okùn so àpò dúdú kan rọ̀. Àpò náà ń mì dirodiro.

Kò sí ẹyọ èèyàn kan níbẹ̀.

"Ẹbọ," ni ọkọ mi wí.

"Ní Maryland?"

"Ṣé Maryland ò ní ọ̀tá ni?"

"Ṣé kì í ṣe àmì tí Ethan wí nìyẹn?"

"Ethan tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Níbo ni ìyẹn ti máa mọ aṣọ pupa?"

N ò ní purọ́ fún yín, àyà tèmi náà já. Aṣọ pupa, òkúta, eérú, àpò dúdú. Ọmọ Yorùbá wo ló máa bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lójú kan, tí á ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá?

Ọkọ mi wá nàka sí àpò yẹn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ti yé mi báyìí. Ọdún mẹ́ta tí ìwé wa ò fi jáde, ibí ni wọ́n so ó rọ̀ sí. Ìwé wa ló wà nínú àpò yẹn, Màmá Ìtùnú. Ẹ̀mí mi sọ fún mi."

Ẹ rọra máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tèmi ná.

Ó ṣí ìgò. Wàà! Ó da òróró sí igi. Wàà! Ó da òróró sí àpò. Ó da díẹ̀ sí mi lórí, irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gun òkúta, ó gé okùn náà, àpò já bọ́, gbì! Àwa méjèèjì sá sẹ́yìn. Nígbà tí àpò ò lé wa, ọkọ mi ṣa igi gígùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti àpò náà lọ sétí omi, gbirigbiri, gbirigbiri, ó ń fi ohùn tó lè jí gbogbo Brandywine gbàdúrà.

"Ìwọ ẹrù yìí, mo pàṣẹ fún ọ, padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọ́!"

"Àmín!"

"Má ṣe yà síbìkan! Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọ́ gan-an ni kó o lọ!"

"Àmín!"

Àpò náà há sára gbòǹgbò igi kan létí omi. Èmi náà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tì í díẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Omi ń fà lọ sísàlẹ̀ lásìkò yẹn. Ó gbé àpò náà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kọjá kọ́nà odò. Ó parí. Ọkọ mi nu òógùn, ó tú aṣọ pupa, ó jù ú tẹ̀ lé àpò, ó ní ara òun ti fúyẹ́.

Bí Ethan ṣe yọ láti ẹ̀yìn igbó nìyẹn, pẹ̀lú ẹja mẹ́ta lọ́wọ́.

"Ẹ ti dé! Ẹ ò wá ibí pẹ́, àbí? Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì pupa mi àtijọ́ ṣàmì kí ẹ má baà ṣìnà."

"Ṣẹ́ẹ̀tì, sir?" ni ọkọ mi wí.

"Ẹ̀n. Ibi òkúta yẹn ni mo ti se kọfí láàárọ̀." Ethan wá gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Ó wò ó títí. "Àpò mi dà? Mo so ó rọ̀ kí àwọn rakúùnù má baà jẹ wá lóúnjẹ. Ẹranko tó tó ológbò lásán, wọ́n á tú gbogbo ẹrù èèyàn."

"Sir," ni ọkọ mi wí jẹ́jẹ́, "ṣé oúnjẹ nìkan ló wà nínú àpò yẹn?"

"Oúnjẹ àti ìwé rẹ. Mo ti fọwọ́ sí i láàárọ̀. Àpò rọ́bà ni, omi ò lè wọ̀ ọ́, mo ní kò síbi tó tún lè láàbò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo odò. Ó wá jókòó, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, sínú eérú.

"Fola, àpò yẹn dà?"

"Ó ti lọ, sir."

"Lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, sir."

Ethan mú orí okùn, ó rí i pé ó gé gééré. Ó wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó wo orí mi tí òróró ń kán láti ibẹ̀. Mo rí i pé tí n ò bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí máa rò pé orí wa ti dàrú. Ni mo bá jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀, aṣọ pupa, eérú, ọ̀tá, gbogbo rẹ̀. Mo fo ti ẹsẹ̀ mi dá.

Ethan ò bínú. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo omi, ó sì ní ká wá nǹkan ṣe sí ẹja. Èyí ló wá dẹ́rù bà mí jù. Òróró àdúrà tó ṣẹ́ kù la fi dín ẹja náà. Mo po gàrí mi, Ethan mu ife méjì, ó ní ó dùn. Ọkọ mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ó dojú kọ odò, ó ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo sún mọ́ ọn láti gbọ́ ohun tó ń wí.

"Bàbá, èyí tí mo wí láàárọ̀, ẹ má dáhùn ún."

Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ethan pè wá sétí omi. Mo wò ó, omi tó ń lọ láàárọ̀ ti ń padà bọ̀. Ethan ní bẹ́ẹ̀ ni odò náà máa ń ṣe ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, pé òkun ló ń fà á lọ, òkun náà ló ń tì í bọ̀. Kò tíì sọ tán tí nǹkan dúdú kan fi yọ ní kọ́nà odò.

Ó ń bọ̀. Ó ń léfòó bọ̀, òróró ṣì ń dán lára rẹ̀.

Ó kọjá níwájú Ethan tó nawọ́ sí i. Ó kọjá níwájú mi. Nígbà tó dé iwájú ọkọ mi, ó yà sétí omi, ó dúró, ó ń fi orí gbá bàtà rẹ̀, pó, pó, pó.

Ọkọ mi fò sókè.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ mú un," mo wí. "Ṣebí ẹ ní kò gbọdọ̀ yà síbìkan."

Ethan tú ẹnu àpò. Búrẹ́dì gbẹ, kọfí gbẹ, ìwé gbẹ táútáú, orúkọ ọkọ mi wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, ọwọ́ Ethan sì wà nísàlẹ̀. Ethan rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí ìwé fi dé ọwọ́ lọ́yà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí ìjọ wa ń háyà, ó jáde lọ jẹ́rìí.

"Ẹ̀yin ará, ìwé wa ti bọ́ sínú odò! Wọ́n jù ú sódò! Olúwa sì pàṣẹ fún omi, omi gbé e padà wá fún mi!"

Halelúyà gba ilé kan. Mo ń retí kó sọ ẹni tó jù ú sódò. Ó ti ń mi orí, ó fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀.

Pásítọ̀ Oyèwálé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, inú ń bí i fún wa.

"Ẹ dìde! A ò ní fi ọ̀tá yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ tó ju ìwé ọmọ Ọlọ́run sódò, kí ọwọ́ náà rọ!"

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Mo wo ọkọ mi níwájú ìjọ. Ó ti yára ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

"Àti ẹsẹ̀," ni pásítọ̀ wí, "ẹsẹ̀ tó bá ọwọ́ náà ṣe é!"

Mo rọra fa ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọ abẹ́ àga.