Iyọ̀ Ẹsẹ̀ Tí Ọlọ́runlékè Gbé Mu

Pajápajá tún ti gbé Ọlọ́runlékè lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì!

Àárín ìsìn Máàsì ni o, nígbà ọyẹ́ ọdún 1957. Gbogbo ìjọ Àgùdà Ògìdì wà lórí ìkúnlẹ̀, ibẹ̀ pa lọ́lọ́, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ ẹ ó gbọ́ ọ. Àfi gbàù! Iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ká jọ bí ìgbín tó rí iná.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

Ẹsẹ̀ ọ̀hún ta pàá, ó ba bẹ́ńṣì iwájú, bẹ́ńṣì dojú dé, gbìràmù! Ìyá arúgbó kan tí kò lè kúnlẹ̀, tó ń tòògbé lórí rẹ̀, balẹ̀ gbì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó rò pé Jésù ti dé.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ọlọ́runlékè kò rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà péré, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, lórí ìkúnlẹ̀ kan náà! Theresa ló fẹ́ fẹ́, ọmọ Ọlábímtán ará Iffe. Ọlábímtán yìí sì rèé, ọdún tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, kò sí ẹni tó rántí. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì ti dé etí rẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ padà.

"Ẹ sọ fún un pé ènìyàn ni mo fẹ́ fọmọ fún, n kò fọmọ fún ẹṣin. Bó bá tàpá lọ́jọ́ Sátidé, mò ń mú ọmọ mi lọ sílé."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ọlọ́runlékè fi fò gun básíkùlù, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó di dísípẹ́ńsárì ní Kabba.

"Okun o, ọ̀gá," ló fi kí olóògùn ibẹ̀.

"Okun. Kí ló dé?"

"Pajápajá ni, ọ̀gá. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, á gbé mi. Mo sì ń gbéyàwó ní Sátidé, ìkúnlẹ̀ ibẹ̀ gùn ju ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ."

Ọ̀gá náà bu iyọ̀ funfun kan sínú ìwé, ó ń dán wíríwírí.

"Ẹ́písọ́ọ̀tì nìyí. Maginísíà ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń dẹ iṣan. Bu díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo wí o! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Lójoojúmọ́, bó bá ti ti oko kọfí dé, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú agbada bí ẹni ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ sì dẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, ìbẹ̀rù tún mú un. Ó wo iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìwé, ó pọ̀ ju ìdajì lọ. Ó pe Gbádéyan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó.

"Gbádéyan, ẹsẹ̀ lẹ́nu?"

"Ẹsẹ̀ kò lẹ́nu."

"Báwo ló ṣe wá ń mu oògùn yìí?"

Gbádéyan ronú títí. "Ẹnu ló yẹ kó gbà wọlé. Bí o bá ti gbé e mì, á wá ẹsẹ̀ lọ fúnra ẹ̀. Ṣé omi ń ṣàn gòkè ni?"

Ọgbọ́n dé! Wọ́n da gbogbo iyọ̀ sínú igbá omi kan, wọ́n rò ó, Ọlọ́runlékè dijú, ó gbé e mu: kútú, kútú, kútú! Ó korò ju ewúro lọ.

"Báwo?" ni Gbádéyan bi í.

"Ó ń lọ sísàlẹ̀."

"Ṣé ó ti dé ẹsẹ̀?"

"Ó ń lọ sísàlẹ̀ ṣá."

Ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ kúnlẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Fádà òyìnbó bẹ̀rẹ̀ Látìnì, ó kà á, kò tán, ó tún kà á. Ẹsẹ̀ Ọlọ́runlékè rọ̀ bí ẹ̀kọ. Pajápajá kò tilẹ̀ kọjá lójúde! Inú rẹ̀ dùn, ó ṣẹ́jú sí Gbádéyan.

Gbùùùrùrù.

Theresa yí ojú sí i lábẹ́ ìbòjú. "Kí nìyẹn?"

"Ààrá ni."

"Ààrá? Nínú ọyẹ́?"

Gbù-rù-rù-rù-rù!

Òógùn bo ọkọ ìyàwó. Ó fún ẹsẹ̀ pọ̀, ó fún eyín pọ̀, ó fún ohun gbogbo tí Ọlọ́run fún un pọ̀.

Fádà ṣí ìwé. "Ọlọ́runlékè, ṣé o gbà láti fi Theresa ṣe aya rẹ?"

"Fádà, ẹ yára."

"Ṣé o gbà?"

"Fádà, ẹ yá..."

Fìrì!

Bàtà kan ló kù níwájú pẹpẹ. Ọkọ ìyàwó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Háà!" Gbogbo ìjọ dìde.

Ọlábímtán fò sókè. "Ó kọ ọmọ mi! Lójú Ọlọ́run! Ẹ mú un!"

Àwọn ọkùnrin Iffe gbá tẹ̀ lé e, gìrìgìrìgìrì! Ọlọ́runlékè yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì po, ó rí ṣáláńgá, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn páànù dé, gbàgà!

Ọlábímtán fi ẹ̀ṣẹ́ lu páànù. "Jáde!"

"Bàbá, kò ṣeé ṣe!"

"Ṣé o ò fẹ́ ọmọ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ o, Bàbá! Mo fẹ́ ẹ gan-an ni!"

Pùrùrùrùrù!

Ọlábímtán fà sẹ́yìn. "Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

Ẹ̀rín ń pa èmi tó ń sọ ìtàn yìí! Ẹ dì mí mú!

Gbádéyan sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ọlábímtán kọ́kọ́ dúró bí òpó. Ó wá fi fìlà bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó yá, bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín ti jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Kò ṣáà tàpá," ló ń wí. "Kò tàpá!"

Ṣùgbọ́n Fádà ń wo aago. Ìgbéyàwó mìíràn ń dúró dè é ní Mopa. Ó gbé ìwé rẹ̀, ó gbọ́n aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó forí lé ṣáláńgá. Ìyàwó tẹ̀ lé e, ìjọ tẹ̀ lé ìyàwó, àwọn akọrin tẹ̀ lé wọn tohùn-torin.

"Ọlọ́runlékè," ni Fádà ké sí páànù, "ṣé o gbà?"

"Mo gbàààà!"

Pùù!

"Àmín," ni àwọn kan dáhùn.

Wọ́n ti òrùka gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí i. Láìpẹ́, ọwọ́ kan yọ jáde láti abẹ́ páànù, òrùka ń dán lẹ́nu ìka, ọwọ́ ń wá ìyàwó kiri lórí iyanrìn.

"Theresa," ni Fádà wí, "ṣé ìwọ náà gbà á, nínú ìlera àti nínú àìsàn?"

Theresa fi ọwọ́ kan di imú. Ó wo páànù. Ó wo ọwọ́.

"Mo gbà á, Fádà. Ọwọ́ yẹn ni mi ò gbà."